Àáró Pẹ̀lú NEPA: Bí Mítà Ṣe Ń Ka Iná Sólà Tó Jáde Kúrò Nílé
Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn onílé ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé, ẹ kú ìjókòó. Àwọn tó ń ta sólà káàkiri ìgboro yìí máa ń sọ pé, "Ẹ sáà gbé páńẹ́lì sórí òrùlé, NEPA ni yóò máa jẹ yín lówó." Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní àgbọ́ìgbọ́tán lè kó owó ńlá lé nǹkan tí kò ní mú èrè wá, ó sì lè fi ẹ̀mí ẹni tó ń tún wáyà ṣe lórí òpó wewu. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ tú u palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti oko bẹ̀rẹ̀. Ta ni kò mọ àáró nínú wa? Mo bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ náà á wá bá mi kọ ọ́ lọ́tùn-únla. Ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. A kì í bi ara wa pé èló ni lébìrà ń gbà lọ́sẹ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ń pè ní net metering kò ju àáró lọ. Lọ́sàn-án, tí páńẹ́lì bá ń pèsè ju ohun tí ilé ń lò, èyí tó ṣẹ́ kù á gba wáyà jáde sórí òpó, àwọn ará ilé kejì á lò ó láìmọ ibi tó ti wá. Mítà á kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ilé á fa iná wọlé láti orí òpó kan náà, mítà á kọ ìyẹn náà. Tí oṣù bá parí, wọ́n á yọ èyí tó jáde kúrò nínú èyí tó wọlé, ìyókù nìkan lẹ ó sanwó rẹ̀. Bí èyí tó jáde bá pọ̀ ju èyí tó wọlé, àjùlọ náà á di kírẹ́dìtì tí wọ́n á gbé lọ sí oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀nà kejì wà tó jọ ọ́ lójú, tí kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn lọ ṣe lébìrà lóko olóko ní owó pọ́ọ́kú, tó wá fi owó gọbọi háyà lébìrà sí oko tirẹ̀. Iná tó jáde ní iye tirẹ̀, iná tó wọlé ní iye tirẹ̀, èyí tó jáde ló sì máa ń kéré. Net billing lorúkọ èyí. Ọ̀nà kẹta ni ti Jámánì, tó dà bíi títa kòkó nígbà ayé bọ́ọ̀dù: iye kan pàtó ni ìjọba dá lé yúníìtì sólà tó bá jáde. Òfin wọn àkọ́kọ́ lórí èyí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, èyí tó tẹ̀ lé e ní ọdún 2000 sì mú iye náà dúró fún 20 ọdún fún ẹni tó bá ti wọlé sí i. Tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ "kírẹ́dìtì sólà" fún yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?

Amẹ́ríkà ni àáró iná yìí ti gbilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin, ní ọdún 1983. Ó rọrùn nígbà náà nítorí irú mítà tó wà. Ẹ rántí mítà àtijọ́ tó ní àwo irin pẹlẹbẹ kan tó ń yí lẹ́yìn gíláàsì, tí àmì dúdú wà létí rẹ̀. Tí iná bá ń wọlé, àwo náà á yí síwájú. Tí iná bá ń jáde, á yí sẹ́yìn, nọ́ńbà á sì máa wálẹ̀. Mítà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìyọkúrò, kò sí ẹni tó ní láti ṣírò nǹkan kan.

Àmọ́ nígbà tí sólà pọ̀ lórí òrùlé, àwọn ilé iṣẹ́ iná bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òpó, wáyà àti tiransifọ́mà kò ní yéé gba àtúnṣe, ta ni yóò máa san ìyẹn? California, tó ní sólà orí òrùlé jù lọ ní Amẹ́ríkà, yí ọwọ́ padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí ètò tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn àárín oṣù Kẹrin ọdún 2023. Iye tí wọ́n ń ka sí iná tó jáde já wálẹ̀ gan-an, ó tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó lọ. Àwọn tó ti wà lórí ètò àtijọ́ kò fara gbá a, torí wọ́n ti ní ẹ̀tọ́ 20 ọdún lórí ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni bátìrì ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà mọ́ páńẹ́lì níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibi tí ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ wà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá fi owó sí i. Ká ní ilé kan ní Ìjàpọ̀ gbé páńẹ́lì 6 sórí òrùlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlówáàtì 3. Tí a bá kó oòrùn àárọ̀ tí kò lágbára àti ti ìrọ̀lẹ́ pọ̀ mọ́ ti ọ̀sán gangan, ohun tí à ń rí ní agbègbè yìí tó bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ oòrùn kíkún lójúmọ́. 3 lọ́nà 4.5 jẹ́ 13.5. Ooru orí páńẹ́lì, eruku, wáyà àti inverter fúnra rẹ̀ á jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó wá ku yúníìtì 10 lójúmọ́, ìyẹn 300 lóṣù. Láti oṣù Keje títí dé oṣù Kẹsàn-án, ìkùukùu á dín in kù. Lásìkò ọyẹ́, ojú ọ̀run lè dà bíi pé ó mọ́, kí eruku sì ti bo páńẹ́lì bí ìyẹ̀fun. Omi lásán àti kànìnkànìn rírọ̀ ni ẹ fi fọ̀ ọ́, ní ìdájí tí gíláàsì ṣì tutù. Ẹ má da omi tútù sí i lọ́sàn-án gangan, gíláàsì tó gbóná lè sán.

Ilé yìí ń lo yúníìtì 320 lóṣù: 120 lọ́sàn-án, 200 lóru. A ó fi yúníìtì kan sí náírà 200 kí ìṣirò lè rọrùn. Owó yúníìtì Band A, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù lọ lójúmọ́, tí wọ́n gbé sí 225 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ti rọ̀ sún mọ́ iye yìí lẹ́yìn náà. Láìsí sólà, owó iná ilé náà jẹ́ náírà 64,000.

Pẹ̀lú sólà, 120 tọ̀sán ti wá láti orí òrùlé, 180 sì jáde sórí òpó. Lábẹ́ àáró, 200 tó wọlé yọ 180 tó jáde, ó ku 20: náírà 4,000 péré. Lábẹ́ ọ̀nà kejì, ká fi iná tó jáde sí náírà 60, àpẹẹrẹ lásán ni: wọ́n jẹ yín ní 10,800, ẹ̀yin jẹ wọ́n ní 40,000, ẹ ó san 29,200. Tí kò bá sí kírẹ́dìtì rárá, 40,000 lẹ ó san.

Ibi tó yẹ kí ẹ fetí sí jù lọ ni èyí. Ẹ kó iṣẹ́ tó tó yúníìtì 60 láti òru wá sí ọ̀sán: fífa omi sínú táǹkì, ẹ̀rọ ìfọṣọ, áyọ́ọ̀nù, fírísà tí ẹ jẹ́ kó di yìnyín pátápátá kí oòrùn tó wọ̀. Ní báyìí 180 ni ilé ń lò lọ́sàn-án, 120 ló ń jáde, 140 ló ń wọlé lóru. Lábẹ́ àáró, 140 yọ 120 ṣì jẹ́ 20. Náírà 4,000 náà ni, kò sí ìyàtọ̀, torí òpó ni ó ń ṣe bátìrì yín lọ́fẹ̀ẹ́. Lábẹ́ ọ̀nà kejì, owó yín já láti 29,200 sí 20,800. Tí kò bá sí kírẹ́dìtì kankan, ó já láti 40,000 sí 28,000. Náírà 12,000 yìí wọ àpò yín lóṣooṣù láìfọwọ́ sí ìwé kankan, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí tí a fi ń sọ fún àwọn oníbàárà nìyí pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé pọ́ǹpù omi sọ́sàn-án kí wọ́n tó wá béèrè nípa kírẹ́dìtì.

Gbogbo ìṣirò yẹn ló sì dúró lórí ohun kan tí àwọn ará California kì í rò: pé iná NEPA wà lórí wáyà lọ́sàn-án. Iná sólà kò lè jáde lọ sórí òpó tó ti kú. Inverter tí kò ní bátìrì á pa ara rẹ̀ ní kété tí wọ́n bá mú iná lọ. Èyí tó ní bátìrì á kún bátìrì rẹ̀, yóò sì dín páńẹ́lì kù, oòrùn tó ṣẹ́ kù á ṣòfò sórí òrùlé. Band A lẹ́tọ̀ọ́ sí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Àmọ́ Band kò sọ ìgbà tí iná yóò wá. Ilé tó ń rí wákàtí 8, tí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí òru, kò ní rí kírẹ́dìtì kọ́bọ̀ kan lábẹ́ ètò èyíkéyìí. Kí ẹ tó náwó sí nǹkan wọ̀nyí, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ iye wákàtí tí iná wà láàárín aago 9 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Tí ó bá jẹ́ 3 nínú 7, 180 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan á di bíi 77. Ìwé yẹn ló máa sọ bóyá bátìrì ló kàn yín tàbí kírẹ́dìtì.

Ó kan mítà. Mítà àáró gbọ́dọ̀ jẹ́ olójú méjì, tó ń kọ wíwọlé àti jíjáde sí ojú ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ mítà ìgbàlódé, tí ẹ bá ń tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà kékeré kan á máa yọ ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. 1.8.0 ni gbogbo iná tó ti wọlé. 2.8.0 ni gbogbo iná tó ti jáde. Tí 2.8.0 kò bá sí lórí mítà yín, tàbí tó wà ní òdo láìyí nígbà tí inverter ń sọ pé òun ń tà síta, kò sí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí tó lè mú kírẹ́dìtì jáde láti ibẹ̀.

Mítà káàdì tó wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé níbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wíwọlé àti jíjáde: iná tó bá gba inú wọn kọjá, síwájú ni, sẹ́yìn ni, lílò ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ ó máa fún òpó ní iná, kírẹ́dìtì káàdì yín á máa wálẹ̀. Àwọn mìíràn á gbà pé wọ́n ń yí àwọn padà, wọ́n á gé iná ilé, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú pé ẹnìkan fọwọ́ kàn mítà, ọ̀ràn á wá di ti olè iná. Nígbà tí ẹnìkan bá ń ráhùn pé láti ìgbà tóun ti ra sólà ni rìchájì òun ti ń yára tán, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Nítorí náà, títí ìwé àdéhùn yóò fi wà, inverter yín gbọ́dọ̀ wà lórí ètò àìtasíta. Nǹkan tó ń ṣọ́ ọ ni òrùka kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CT, tí wọ́n ń dè mọ́ wáyà gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Ó ní ọfà lára. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyí. Tí wọ́n bá dè é lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, tí pọ́ǹpù omi sì ti bọ́ síwájú rẹ̀, inverter kò ní rí ohun tí pọ́ǹpù ń lò. Tí ọfà bá kọjú síbi tí kò yẹ, inverter á máa rí wíwọlé bíi jíjáde: á dín ara rẹ̀ kù nígbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́, tàbí kó rí jíjáde bíi wíwọlé, kó wá tú gbogbo agbára rẹ̀ síta. Nínú ilé oníféèsì mẹ́ta, tí CT bá wà lórí féèsì pupa nígbà tí inverter wà lórí yẹ́lò, ó dà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹlòmíràn.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò rọrùn. Lọ́sàn-án gangan, tí iná NEPA wà, tí bátìrì kún, ẹ pa ohun gbogbo nílé. Nọ́ńbà iná òpó lójú inverter gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo. Ẹ wá tan áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ wáàtì 1,000. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, iye tí inverter ń pèsè gbọ́dọ̀ gòkè ní nǹkan bí 1,000, kí ti òpó padà sí ẹ̀bá òdo. Tí ti òpó bá dúró sí 1,000 tí páńẹ́lì kò sì mira, ọfà CT ló kọ ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó bá yín so ó gba owó rẹ̀ tán kí ẹ tó rí ìdánwò yìí pẹ̀lú ojú ara yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà níbí, a kò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ ọ́. Tiransifọ́mà tó wà ní òpópónà yín ń sọ fólítì 11,000 di 415. Ó lè ṣe é sẹ́yìn pẹ̀lú. Tí ilé kan bá rán iná padà sórí òpó nígbà tí NEPA ti mú iná lọ, tiransifọ́mà yẹn lè sọ 415 di 11,000 lójú òpó tí ẹnìkan ti gùn lọ ṣe àtúnṣe, tó gbà pé wáyà ti kú. Inverter tí a ṣe fún títa iná síta ní ààbò tó ń jẹ́ kó pa ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 tí òpó bá ti kú. Kì í ṣe òun ló ń pa èèyàn. Ohun tó ń pa èèyàn ni inverter àtijọ́ tàbí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi wáyà olórí-plug méjì tì bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, láìsí changeover. Tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ gé e lónìí.

Ìṣòro kan wà tí àwọn tó bá ń tà síta yóò bá pàdé, pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín jìnnà sí tiransifọ́mà. Kí iná tó lè jáde, inverter gbọ́dọ̀ ti fólítì rẹ̀ gòkè díẹ̀ ju ti òpó lọ. Kìlówáàtì 5 jẹ́ bíi áńpíà 22. Tí wáyà láti ilé dé tiransifọ́mà bá ní óòmù ààbọ̀ (óòmù ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó), fólítì á fi 11 gòkè lẹ́nu mítà yín. Tí òpó bá ti wà ní 240 tẹ́lẹ̀, ó di 251. Ọ̀pọ̀ inverter ló sì ń pa ara wọn tó bá ti tó 253. Ẹ ó rí i pé ó ń pa, ó ń tàn, láàárín aago 12 sí 2, nígbà tí oòrùn dára jù. Àwọn kan á ní kí ẹ ṣí ètò náà sókè sí 270. Ẹ kọ̀ fún wọn; fírísà àti tẹlifíṣọ̀n ló máa san gbèsè rẹ̀. Wáyà tó nípọn ni ìwòsàn rẹ̀, àti ìsopọ̀ orí òpó tó le. Níbi tí wọ́n ti lọ́ kọ́pà mọ́ alumíníọ́mù lásán, ìpata á ti jẹ ẹ́, óòmù á sì ti ga.

Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ náà ti sún mọ́ ilé. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ lágbára láti máa darí ọjà iná tiwọn, ní ọdún 2024 sì ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé àbójútó ti Oǹdó lé OSERB lọ́wọ́, àjọ ìpínlẹ̀ wa. Èyí túmọ̀ sí pé iye tí wọ́n á ka sí yúníìtì tó bá jáde láti òrùlé yín, Àkúrẹ́ ni ẹ ti máa béèrè rẹ̀, kì í ṣe Àbújá. BEDC, ilé iṣẹ́ iná tí a ṣì ń pè ní NEPA, ló ni wáyà. Ẹ má tà síta lórí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ kankan. Ìwé tó ní ọwọ́ ilé iṣẹ́ iná àti ìfọwọ́sí àjọ ni kí ẹ béèrè.

Nínú ìwé náà, a ní ohun tí a máa ń wá ká tó wo nǹkan mìíràn. Ṣé yúníìtì ni kírẹ́dìtì yín tàbí owó? Tó bá jẹ́ owó, tí wọ́n bá gbówó iná sókè lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ti yín náà á gòkè? Oṣù mélòó ló lè gbé kó tó kú? Ní ọ̀pọ̀ ibi, oṣù 12 ni wọ́n ń fi ṣe ìṣirò, àjùlọ tó bá kù á di ẹ̀bùn fún ilé iṣẹ́ iná tàbí kí wọ́n rà á ní iye tó kéré gan-an. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ gbé páńẹ́lì tó ju ohun tí ilé ń lò lọ́dún lọ. VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣé lórí gbogbo iná tó wọlé ni wọ́n á bù ú, tàbí lórí ìyókù lẹ́yìn ìyọkúrò? Nínú àpẹẹrẹ wa, náírà 3,000 ni ọ̀kan, 300 ni èkejì. Ta ni yóò ra mítà olójú méjì? Nínú ilé oníféèsì mẹ́ta, ṣé mítà náà ń pa féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kó tó kọ ọ́, tàbí ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Tó bá ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, inverter oníféèsì kan á máa tà ní iye kékeré lórí pupa nígbà tí ilé yín ń rà ní iye ńlá lórí búlúù, ní ìṣẹ́jú kan náà.

Fún ẹ̀yin tó ń lo káàdì, ẹ béèrè bí kírẹ́dìtì yóò ṣe dé inú mítà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ka 2.8.0, kó ṣírò rẹ̀, kó sì sọ ọ́ di tókìnnì nọ́ńbà 20 tí ẹ ó tẹ̀ sínú mítà bí ti rìchájì. Ọjọ́ wo nínú oṣù ni? Ta ni yóò fi ránṣẹ́? Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti so mítà náà, ẹ máa ya fọ́tò 1.8.0 àti 2.8.0 ní ọjọ́ kìíní oṣù, ní aago kan náà, kí nọ́ńbà mítà hàn nínú fọ́tò, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé kan náà tí ẹ fi ka wákàtí iná.